Bí ìyà bá dé bá ọmọ ìjọ: Ìwé kíláàsì kì í ṣe ìwé gbèsè

Bí ebi bá wọ ilé ọmọlúàbí, ìtìjú ló kọ́kọ́ máa ń ti ilẹ̀kùn. Èyí ló yẹ kí àwọn ìjọ Kristẹni l'Abẹ́òkúta àti gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá rò jinlẹ̀, lórí ìnira tó gbòde láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí jálá rẹ̀ kò tó 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀; kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000 náírà. Owó ọkọ̀ láti Lafẹ́nwá dé Kútọ̀ gbéra, owó oúnjẹ sì tẹ̀ lé e.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn ìjọ káwọ́ gbera. Ọ̀pọ̀ ló pín ìrẹsì àti gààrí, pàápàá nígbà Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n pípín oúnjẹ fún èrò rẹpẹtẹ ní ewu tirẹ̀. Lọ́jọ́ kọkànlélógún, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, èèyàn mẹ́wàá ló kú nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ nílé ìjọsìn Kátólíìkì kan ní Maitama, l'Abùjá. Oore ni àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní lọ́kàn. Yàtọ̀ sí ewu yìí, ẹni tí ojú ń tì kò ní í tò síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò. Wọn yóò kàn rí i pé kò wá sí ìsìn mọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n lè fi mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìjọ tipẹ́. Kíláàsì ni. Lọ́dún 1742 ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Wesley bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè san gbèsè ilé ìsìn wọn. Pẹ́nì kọ̀ọ̀kan ni kálukú yóò máa dá lọ́sẹ̀. Ọkùnrin tó dá àbá náà, Foy, ní kí wọ́n fi àwọn mọ́kànlá tó tálákà jù lọ sábẹ́ òun, kí òun máa san fún ẹni tí kò bá ní. Bí àwọn olórí kíláàsì ṣe ń gba owó láti ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń fojú ara wọn rí bí ọmọ ìjọ ṣe ń gbé. Báyìí ni gbígba owó ṣe di ìtọ́jú. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì yìí ni Thomas Birch Freeman ṣojú fún nígbà tó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá, ọdún 1842, tí Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà dé ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1843. Nígbà tó yá, kíláàsì gbilẹ̀ nínú ìjọ méjèèjì.

Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, ìwé kíláàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìwé gbèsè. Ẹni tí kò rí owó oṣù san, tí kò rí owó ìkórè dá, orúkọ rẹ̀ á wà nílẹ̀. Nígbà mìíràn, ọjọ́ tó bá kú ni wọ́n máa ń ka gbèsè náà sí àwọn ọmọ rẹ̀ létí, kí wọ́n tó sin ín. Lóòótọ́, ìjọ nílò owó: òrùlé ń jò, òṣìṣẹ́ ìjọ sì ń retí owó oṣù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń san déédéé bá dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ìròyìn pé nǹkan ti ṣe é.

Kí olórí kíláàsì kọ́kọ́ béèrè pé "Ṣé kò sí?" kó tó béèrè owó. Kí ìjọ ya apá kan owó kíláàsì sọ́tọ̀, kí wọ́n fi sọ́wọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó mọ inú rò, tí wọn yóò máa gbé e lọ sílé ẹni tí nǹkan kò rọgbọ fún, láìpariwo: owó ìdánwò WAEC fún ọmọ opó, oògùn fún arúgbó, owó òwò fún aládìrẹ Ìtòkú tí ọjà rẹ̀ wó.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ irú ìtọ́jú tí kì í bá ọdún lọ. Lọ́dún 1895 ni àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, níbi tí Fadá Coquard ti tọ́jú aláìsàn, tó fi mọ́ àwọn adẹ́tẹ̀. Ilé ìwòsàn náà ṣì ń gba aláìsàn di òní. Àpò ìrẹsì kan kì í pẹ́ tán. Ètò tí ìjọ bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní àkókò yìí ni yóò dúró de ìnira mìíràn tó bá tún dé.