Ará Ìbàdàn, Ẹ Má Sọ Kọ̀ǹpútà Yín Nù

Ẹ̀yin ará Bódìjà, Agbowó, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge, ẹ̀yin tí ẹ tan kọ̀ǹpútà, tí ẹ pọn omi, tí ẹ bọ́ ọmọ, tí kọ̀ǹpútà náà kò sì tíì ṣí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má ì tíì ra òmíràn. Ẹ má sì sọ èyí tó wà nílé nù.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró. Wọ́n fi ọdún kan kún un fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ìyẹn náà yóò tán ní oṣù Kẹwàá 2026. Wọ́n ní ká bọ́ sórí Windows 11. Ṣùgbọ́n Windows 11 ń yan kọ̀ǹpútà: bí ó bá jẹ́ ti Intel, wọ́n fẹ́ processor ìran kẹjọ sókè, wọ́n sì fẹ́ ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Kí ni ọ̀pọ̀ wa ń lò? Tòkunbọ̀ ni. HP EliteBook 840 G3 tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ìran kẹfà ni. Kò bàjẹ́, kò sì wọ́. Wọ́n kàn ní kò yẹ mọ́ ni.

Ẹ má sọ pé ẹ ó máa lo Windows 10 yẹn lọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 káàkiri orílẹ̀-èdè bíi 150, ó ti fáìlì pa mọ́ àwọn tó ni ín lọ́wọ́, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Àtúnṣe tí ì bá dá a dúró ti jáde láti oṣù Kẹta ọdún yẹn. Ẹni tí kò gbà á ló kó sí i lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín ńkọ́? Fọ́tò òbí yín tó ti dolóògbé ńkọ́?

Ọ̀nà wà, ọ̀fẹ́ ni. Linux, ètò tó lè rọ́pò Windows, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Helsinki ní 1991, kì í béèrè bóyá tòkunbọ̀ ni. Linux Mint ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ojú rẹ̀ jọ ohun tí ọwọ́ yín ti mọ̀. RAM 2GB tó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ló dùn ún lò. LibreOffice inú rẹ̀ ń ṣí ìwé Word àti Excel. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá náà wà nínú rẹ̀, ẹ kò ní sanwó kí ẹ tó kọ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ìlú Ìbàdàn yìí ni Túndé Adégbọlá àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní African Languages Technology Initiative ti ń làágùn kí kọ̀ǹpútà lè gbọ́ èdè wa. Kò yẹ kí àwa ará ìlú náà máa kọ Yorùbá láìlámì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó kù sí. CorelDRAW àti Photoshop kò bá Mint mu, nítorí náà ẹ̀yin atẹ̀wé, ẹ má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ya iṣẹ́ oníbàárà. Ti ilé ni mò ń sọ.

Dátà ló ń dẹ́rù bani. Fáìlì Mint fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB, bẹ́ẹ̀ sì ni NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti gbà ní oṣù Kìíní 2025 kí wọ́n fi owó kún owó wọn, tó lè tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká ṣe é ní àáró, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣán oko ara wọn. Ẹnì kan ni yóò gbà á sílẹ̀, tí yóò sì fi sórí fláàṣì. Fláàṣì 8GB kan yóò lọ láti ilé dé ilé. Láti orí fláàṣì náà ni ẹ ó ti kọ́kọ́ tan án wò, kí ẹ yẹ Wi-Fi, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò, láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kó gbogbo fáìlì yín sí ibòmíràn KÍ Ẹ TÓ fi sí i pátápátá. Mo tún un sọ: ẹ kó fáìlì yín kúrò ná.

Ẹ̀yin ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn tó ń gbé Agbowó, ẹ̀yin ọmọ Pólì ní Sángo, ẹ mọ iṣẹ́ yìí; ẹ jáde. Ẹ̀yin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ yé fi ayédèrú Windows sí kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn. Ẹ fi Mint sí i, kí ẹ gba owó iṣẹ́ ọwọ́ yín; ó tọ́ sí yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ẹ ní gbọ̀ngàn, ẹ ní jẹnẹrétọ̀; ẹ yọ̀ǹda wọn.

Ọ̀rọ̀ Linux kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà Classmate PC 17,000 fún ilé ìwé, Mandriva, tó jẹ́ oríṣi Linux kan, ló wà lórí wọn. Kíá ni ìròyìn gbòde pé Windows ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀, tí ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, fi kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft. Àwọn àgbà ń jà lórí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ, ẹnikẹ́ni ò bi àwọn ọmọ náà léèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, orí tábìlì yín ni kọ̀ǹpútà wà, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹni tó ní dátà ti gba Mint sílẹ̀. Kí ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ra epo. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe mú fláàṣì dání, kí ẹni tí kò mọ̀ mú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Kí ẹ sì kọ orúkọ ilé tó kàn kí ẹ tó tú ká.