Kí Ìjà Ilẹ̀ Má Gba Ọbẹ̀ Lórí Iná Ará Ìlobùú àti Ifọ́n

Ní ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí iná sì jó ilé àti dúkìá, ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè kéde òfin kónílé-ó-gbélé níbẹ̀. Àwọn agbófinró gba ojú títì. Ẹni tó bá mọ bí ìlú méjèèjì ṣe rí yóò mọ ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń mú wá, nítorí ilé ti kan ilé láàrin wọn débi pé àlejò tó bá ń ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lè má mọ ìgbà tó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Bí kónílé-ó-gbélé bá ti múlẹ̀, kò sí ọjà, kò sí oko, kò sí oníbúrẹ́dì, kò sí alátẹ ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ikùn kò mọ òfin ìjọba. Ebi a máa pa ọmọdé, a máa pa àgbà, bóyá ìjà wà tàbí kò sí.

Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni èèyàn fi ń mọ ohun tó wà nínú ilé rẹ̀. Ilé tó gbára lé búrẹ́dì ní àárọ̀, tó gbára lé Indomie ní alẹ́, kì í pẹ́ tí ariwo fi ń sọ níbẹ̀. Ilé tí ẹ̀wà wà nínú kẹ́ẹ̀gì, tí àgbàdo wà lájà, tí irú gbígbẹ wà nínú ìgò, tí igi ewúro àti ebè ẹ̀fọ́ sì wà ní ẹ̀yìnkùlé, lè lo ọjọ́ mélòó kan láì ṣí ìlẹ̀kùn ìta. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ń sè nílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin àti ààrò nìkan. Ó kan ìlera, ó kan owó, ó sì kan àlàáfíà ìlú méjèèjì, nítorí orí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí yìí náà ni ẹ̀fọ́, ẹ̀gẹ́ àti iṣu inú ìkòkò wọn ti ń wá.

Àwáwí tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé oúnjẹ ìbílẹ̀ máa ń pẹ́ lórí iná, bẹ́ẹ̀ sì ni owó kẹrosíìnì àti gáàsì ti gbówó lórí. Òótọ́ ni fún iyán, òótọ́ ni fún egbo. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ilé ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àdàlú. Ẹ̀wà tí wọ́n bá rẹ sínú omi mọ́jú, tí wọ́n da omi náà nù láàárọ̀, kì í gba iná púpọ̀ mọ́, kì í sì í sábà mú inú àgbà wú. Bó bá ti fẹ́ẹ́ rọ̀, wọn a da ọmọ àgbàdo tútù tí wọ́n ti yọ sílẹ̀ sí i, pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata, irú àti edé díẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná, wọn a ta epo sí i. Ìkòkò kan, iná kan, gbogbo ilé yó. Ohun tó ń mú ara le tí kò tó nínú ẹ̀wà, ó wà nínú àgbàdo. Èyí tí kò tó nínú àgbàdo, ẹ̀wà ní in. Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ti ṣàlàyé èyí nínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà ti ń sè wọ́n pọ̀ kí ìwé tó dé.

Èkuru náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pò dáadáa, tí wọ́n sì pọ́n sínú ewé, kò gba ju oru omi lọ. Kò sí epo nínú rẹ̀. Ata tí wọ́n dín lọ́tọ̀ ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, ẹni tí dókítà bá sì ti kìlọ̀ fún lè ní kí wọ́n fi epo díẹ̀ dín tirẹ̀. Mọ́ínmọ́ín kò jìnnà sí i. Àkàrà dùn, kò sí ẹni tó máa jiyàn rẹ̀, pàápàá àkàrà gbígbóná pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù, ṣùgbọ́n ẹ̀wà kan náà tó mu epo bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi kì í ṣe ohun tí arúgbó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru yẹ kó máa jẹ lójoojúmọ́, pàápàá bí epo náà bá ti wà nínú agbada láti ìjẹta. Bí ewé eéran bá sì wà, kí ni wọ́n ń fi ọ̀rá pọ́n mọ́ínmọ́ín sí? Ọ̀rá kò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó ń hó, adùn tí ewé ń fi sára mọ́ínmọ́ín kò sì sí nínú rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yìí, ìkìlọ̀ kan wà. Àwọn oníṣòwò kan máa ń da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà kó má baà bàjẹ́ nínú àpò. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa oògùn dichlorvos nínú ìgò kéékèèké, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè ṣọ́ gbogbo ìsọ̀. Ẹ̀wà tí kòkòrò lu díẹ̀, tí wọ́n lè ṣà kó tó dé orí iná, sàn ju èyí tó ń dán, tó sì ń rùn bí oògùn. Ẹni tó bá mọ àgbẹ̀ tó gbìn ín, kó rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀fọ́ ni oúnjẹ tí wọ́n ń bà jẹ́ jù lọ nínú ilé, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù láti sè. Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ gé e kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ títí yóò fi dúdú, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á wá da èyí tó ṣẹ́kù sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ epo. Púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú ẹ̀fọ́ fún ara ló ti bá omi ìfọ̀ àti omi ìbọ̀ lọ. Ewúro ni wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ kó má baà korò jù. Ní ti tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, kí wọ́n fọ̀ ọ́ ní odidi, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì jẹ́ kó jẹ́ ohun ìkẹyìn tí yóò wọ inú ọbẹ̀. Ata, àlùbọ́sà àti irú ni yóò ṣáájú, lẹ́yìn náà ẹja gbígbẹ, tàbí ẹja odò Erinlẹ̀ bó bá yẹ ẹnu lọ́jọ́ náà. Bí ọbẹ̀ bá ti ki, wọn a da ẹ̀fọ́ sí i, wọn a rò ó, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ lórí iná mọ́. Kò yẹ kí wọ́n sun epo pupa títí yóò fi funfun. Ohun tó wà nínú pupa epo yẹn ni ara fi ń rí ohun tó ń ṣe ojú lóore, iná ló sì ń pa á.

Ewédú tètè ń jinná ju èyí lọ. Ìjábẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá tó ti pa iyọ̀ tì nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ni kò ka kánún sí nǹkan kan. Ohun kan náà tí dókítà ń sá fún nínú iyọ̀ ń bẹ nínú kánún, ó sì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni magí: èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, iyọ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ gbogbo tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò yẹ kó tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí ìmutíì kan. Nínú ìlé tí wọ́n ti ń fi magí mẹ́ta mẹ́rin sè ọbẹ̀, tí wọ́n tún ń bu iyọ̀ lé e, wọ́n ti kọjá ìwọ̀n yẹn kí oòrùn tó wọ̀. Irú ló yẹ kó gba ipò magí. Ó ń ta sánsán, ó ń mú ọbẹ̀ dùn, bí kò bá sì jẹ́ pé alátà ló bu iyọ̀ sí i, kò ní wàhálà kankan.

Ní Ifọ́n, oúnjẹ tí kò ní iyọ̀ kì í ṣe àjèjì. Òrìṣà Olúfọ́n, òrìṣà funfun, àtẹ́ ni wọ́n ń fi bọ ọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn tí òwò ẹrú kó lọ gbé e dé Brazil, tí wọ́n ń pè é ní Oxalufã níbẹ̀. Àgbàdo funfun tí wọ́n sè láìfi iyọ̀ sí ni oúnjẹ rẹ̀ ní Bahia títí di òní. Ebô ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí kò ní ṣàjèjì létí ẹni tó mọ egbo. Kristẹni àti Mùsùlùmí Ifọ́n kò ní láti bọ òrìṣà kankan kí wọ́n tó rí i pé àwọn baba wọn mọ̀ pé ẹnu lè kọ́ láti jẹ oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta ni ìṣòro rẹ̀, ahọ́n á sì gbà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni èyí, kó gbọ́ ti Ìbàdàn. Láti ọdún 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ṣáájú wọn kó tó kú ní 1995, ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, Amẹ́ríkà, láti máa tẹ̀lé ìlera àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé àwọn ènìyàn dúdú Indianapolis tó ń bẹ̀rẹ̀ àrùn ìgbàgbé arúgbó lọ́dọọdún ju ìlọ́po méjì àwọn Yorùbá Ìbàdàn lọ. Àwọn olùwádìí náà kò sọ pé oúnjẹ nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ lára àwọn ará Ìbàdàn bíi tàwọn ti Amẹ́ríkà, oúnjẹ wọn sì jẹ́ iṣu, àgbàdo, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀.

Ọ̀ṣúntókun kan náà ló ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1960 lórí àrùn tó ń mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, tí ojú ń ṣú, tí etí sì ń di, ní agbègbè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́. Ó so ó mọ́ oró inú ẹ̀gẹ́, láàrin àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ nìkan ni oúnjẹ wọn. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe gàrí àti láfún ní Ìlobùú àti Ifọ́n kò le: kí ẹ̀gẹ́ pé ọjọ́ rẹ̀ nínú omi tàbí nínú àpò kó tó dé orí iná, kí ẹ̀wà tàbí ẹja sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníṣòwò tó ń ṣe gàrí ọjọ́ kan nítorí owó ń ta ewu. Ní ti àmàlà fúnra rẹ̀, kò sí ìjà láàrin òun àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà bó bá kéré, tí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ jù ú lọ nínú àwo. Òkèlè tó ga bí ògiri tí ọbẹ̀ ṣíbí méjì ń ṣàn nídìí rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Gbogbo ìmọ̀ràn yìí, asán ni bí ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ bá ń bẹ̀rù láti dé oko. Nígbàkígbà tí ìjà bá bẹ́, oko tó wà ní ààlà ni wọ́n ń kọ́kọ́ sá kúrò. Iṣu á wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò wà á, ẹ̀fọ́ á gbó, ẹ̀gẹ́ á le bí igi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìyá tó ń jẹ ẹ̀fọ́ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí ra èyí tí wọ́n kó láti ibòmíràn, bí owó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ̀bà gbígbẹ àti omi ọbẹ̀ ló kù. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti rọlẹ̀ á tún gbéra, àti nítorí ẹ̀rù àti nítorí oúnjẹ.

Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n ni ti Òrolú. Ẹni tó fún ìjọba ìbílẹ̀ náà ní orúkọ Ìrẹ́pọ̀dùn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbọ́dọ̀ parí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ yìí ní gbangba, kí wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ kalẹ̀ níwájú Ọlọ́bùú àti Olúfọ́n, kí wọ́n sì ri òpó sílẹ̀ níbi tí gbogbo ojú lè rí i, dípò kí wọ́n máa dúró di ìgbà tí iná bá tún sọ kí wọ́n tó kó ọlọ́pàá wá. Àwọn alága ìbílẹ̀ méjèèjì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò ní láti dúró de ilé ẹjọ́: kí irúgbìn ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dé ọwọ́ àwọn obìnrin tí oko wọn bà jẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ìbílẹ̀ sì máa wọn ìfúnpá àwọn àgbà lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ iyọ̀, kánún àti magí ní èdè tó yé wọn.

Tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n bá fọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún ló máa ń gbà kó tó tó já. Àwọn obìnrin ìlú méjèèjì gbọ́dọ̀ lè gba ọ̀nà oko lọ já a láàárọ̀, kí wọ́n sì gbé e dé ọjà, láìsí ọ̀dọ́ kankan ní oríta tí yóò bi wọ́n léèrè ìlú tí wọ́n ti wá.