Ọ̀rọ̀ Olóòtú: Afárá Orí Igi Kọ́ Ni Ẹ̀kọ́

Ìparí sáà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé sì ti ń ti ilé ìwé aládàáni dé ọwọ́ àwọn òbí l'Ékòó pé kí wọ́n wá san owó excursion. Ibi tí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì wọ̀nyí máa ń forí lé ni Lekki Conservation Centre, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. A kò bá ibẹ̀ jà rárá. Àwọn àgbàlagbà tó ń kó ọmọ lọ síbẹ̀ la fẹ́ bá wí, nítorí púpọ̀ nínú ìrìn-àjò yìí ti kúrò ní ẹ̀kọ́. Àríyá ni, owó ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ń gbà lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ibẹ̀ wà fún. Nigerian Conservation Foundation ló ni ín, ẹgbẹ́ tí Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní 1980. Ní 1990 ni ọgbà náà bẹ̀rẹ̀. Hẹ́kítà 78 péré ni, ṣùgbọ́n àbàtà wà nínú rẹ̀, igbó wà, ọ̀dàn wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ Lẹ́kí ṣe rí kí ọkọ̀ oníyanrìn tó dé, ibẹ̀ ló kù tí ó ti lè fojú rí i. Ẹ̀kọ́ tó tóbi jù níbẹ̀ kò sì ju ọ̀rọ̀ omi lọ. Bí òjò bá rọ̀, àbàtà a gbà á, koríko àti gbòǹgbò igi kò ní jẹ́ kó sáré, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa wọ́ lọ sínú ọ̀sà. Lóde ọgbà, a ti da yanrìn dí àbàtà, a ti da kọnkéré lé yanrìn, a sì ti kọ́ ilé lé kọnkéré. Ní oṣù Keje ọdún 2017, omi òjò wọ yàrá àti pálọ̀ onílé ní Lẹ́kí, ọkọ̀ ń léfòó lójú títì. Ọmọ tí ilé bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí omi wọ̀ lè dúró lórí ọ̀nà onípákó tó gba inú àbàtà yẹn kọjá, kí olùkọ́ sì fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn án láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ìwé tó lè kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé èyí ni wọ́n ń kọ́ wọn? Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà ní ọjọ́ Ẹtì kan ní ìparí sáà yóò rí bí nǹkan ṣe ń lọ. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti jẹ ìdajì àárọ̀. Bí àwọn ọmọ ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ni olùkọ́ ń tò wọ́n lọ sí afárá orí igi, èyí tí gígùn rẹ̀ tó mítà 401, tí wọ́n sì máa ń pè ní èyí tó gùn jù nírú rẹ̀ ní Áfíríkà. Fóònù á yọ, fọ́tò á bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, ó di orí pápá: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, gbohùngbohùn, ijó. Lẹ́yìn náà, ó di ilé. Ọmọ tó béèrè orúkọ igi kan lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, "Má fọwọ́ kàn án, ejò lè wà níbẹ̀" ni ìdáhùn tó gbà.

A kò sọ pé kí ọmọ má gun afárá. Ó dùn ún gùn, ẹ̀rù tó ń bani lórí rẹ̀ pàápàá dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbójú sókè nìkan kò ní rí ohun tó ń gbé nísàlẹ̀. Awọ́nrínwọ́n ń wọ́ nínú koríko, ọ̀nì wà nínú omi (kì í sì í jáde wá kí àwọn tó ń pariwo), ọ̀bọ sì ń wo wa látorí ẹ̀ka. Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ yìí gan-an ló bí wa nínú jù. Àgbàlagbà ló ń ra bisikíìtì, tó ń gbé e fún ọmọ pé kó jù ú sí wọn. Ọ̀bọ tó bá ti mọ adùn bisikíìtì kò ní wá èso igbó lọ mọ́. Àpò àlejò ni yóò máa já gbà. Lọ́jọ́ tó bá wá fa ọmọ lọ́wọ́ ya, a ó ní ẹranko burúkú ni.

Àwọn olùkọ́ ní àwíjàre, a sì gbọ́. Wọ́n ní ọmọ ti pọ̀ jù, wọ́n ní òbí ló ń fẹ́ fọ́tò. Òótọ́ wà nínú ìkejì. Òbí tó ń fi iye fọ́tò tó wọ WhatsApp díwọ̀n bí ilé ìwé ṣe dára tó ti sọ ohun tó fẹ́, ilé ìwé sì tà á fún un. Ti àkọ́kọ́ ni a kò gbà. Bí ọmọ bá pọ̀ jù fún afinimọ̀nà kan, kí wọ́n pín wọn lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí olùkọ́ tó máa kó wọn lọ kọ́kọ́ dá lọ, kó rin ibẹ̀ já, kó bá afinimọ̀nà sọ̀rọ̀, kó mọ ibi tí wọn yóò dúró sí àti ohun tí wọn yóò wò. Kí ọmọ mú bébà àti pẹ́ńsù dání. Igi kan ṣoṣo tí wọ́n yí ká, tí wọ́n ya ewé rẹ̀, tí wọ́n wo kòkòrò ara èèpo rẹ̀, tí wọ́n sì mọ orúkọ tí àwọn bàbá wọn ń pè é, ó ju gbogbo afárá náà lọ.

Àwọn kan á ní kí ọmọ tó bá fẹ́ rí igbó lọ bá ìyá àgbà ní abúlé. Ìmọ̀ràn tó dára ni, kí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n oko kọ́ ni igbó. Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, kòkó àti gbágùúdá ló gba ibi tí igbó wà tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ abúlé náà kò sì rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí Èkó. Ní Ìbàdàn, nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, igbó kan wà tó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 350, tí wọ́n ti ń dáàbò bò láti àwọn ọdún 1960. Ẹyẹ kan ń gbé níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀gà, dúdú tó fi pupa ṣe ọ̀ṣọ́. Ní 1958 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀, wọ́n sì fi orúkọ Ìbàdàn sọ ọ́. Yàtọ̀ sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, kò sí níbòmíràn láyé, ó sì ti wọ ewu ìparun. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Mọ́kọ́lá àti Bódìjà mọ kìnnìún, wọ́n mọ pẹ́ngúínì, àwòrán inú tẹlifíṣàn ló kọ́ wọn. Ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn, wọn kò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀bi wọn kọ́.

Ó ku àwọn tí ìwé owó excursion kì í dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣí i lọ́fẹ̀ẹ́; owó ẹnu ọ̀nà wà lára ohun tí wọ́n fi ń tún pákó ṣe, tí wọ́n fi ń san owó ẹ̀ṣọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó gbé bùkátà yìí, kíláàsì kan láti ilé ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Owó tí wọ́n ń ná lórí fìlà àti áńkárá ayẹyẹ ọjọ́ àwọn ọmọdé tó o ṣe.

Ẹ̀yin òbí tí ìwé náà bá dé ọwọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ béèrè olùkọ́ tó ti lọ síbẹ̀ ṣáájú, ẹ béèrè ohun tí wọn yóò kọ́ àwọn ọmọ, ẹ béèrè iye ọmọ tí yóò tẹ̀lé afinimọ̀nà kan. Bí ilé ìwé kò bá ní èsì, kí owó yín dúró sílé, kí ẹ̀yin fúnra yín mú ọmọ yín lọ ní ọjọ́ Sátidé.