Ìyẹ́ Tó Ń Dán Kò Tó Ẹ̀rí

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi lọ́jà gbogbo n'Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àpò wa tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: ọ̀rọ̀ ìyẹ́ adìẹ.

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Òwe náà dára, àmọ́ ká má fi sin adìẹ o. Adìẹ kì í làágùn rárá. Bí ooru bá mú un, ẹnu ló máa ń yà sílẹ̀, á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyẹ́ rẹ̀ náà kì í bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò, ìyẹ́ ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni ohun tí ìyẹ́ lè sọ, àti èyí tí kò lè sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti dùn mí. Lọ́dún kan, nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ra àgbébọ̀ kan lọ́jà kan tí mi ò ní dárúkọ. Dúdú ni, ìyẹ́ rẹ̀ ń dán gbinrin. Inú mi dùn, mo sọ ọ́ sáàárín mọ́kànlá tí mo ní nílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí tòògbé, ìgbẹ́ rẹ̀ di àwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ lọ́. Kí Kérésìmesì tó dé, méjì péré ló kù nínú méjìlá. Lùkúlùkú ni, àrùn tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle. Mo bi ara mi léèrè pé ṣé ìyẹ́ yẹn purọ́ fún mi ni? Rárá o. Ọ̀rọ̀ àná ló sọ, èmi ni mo gbà á bí ọ̀rọ̀ òní.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ìyẹ́ dà bí èékánná tiwa: bó bá ti hù tán, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tí adìẹ jẹ nígbà tí ìyẹ́ náà ń hù ló ń fi hàn wá. Oúnjẹ amáradàgbà ló sì fi ń hu ìyẹ́. Adìẹ tó jẹ́ pé èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèrí nìkan ló ń jẹ, ìyẹ́ rẹ̀ á ṣá, á sì máa ṣẹ́. Èyí tó ń rí ikán, ìdin, kúlíkúlí tàbí ìfun ẹja jẹ, tirẹ̀ á dán. Kókó kékeré kan tún wà lókè ìrù rẹ̀ tí òróró ń ti ibẹ̀ jáde. Àgógó ẹnu rẹ̀ ló fi ń mú òróró náà, tó fi ń pa ara. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, kì í ráyè ìyẹn mọ́, á kàn fẹ́ ìyẹ́ sókè, á ká gúlútú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí iná adìẹ bá sì bò ó, tí kò rí erùpẹ̀ gbígbẹ fi wẹ̀, ìyẹ́ á jẹ mọ́ ọn lára.

Nítorí náà, bí ìyẹ́ bá ń dán, ó ń sọ pé wọ́n bọ́ ọ dáadáa, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Kò lè sọ bóyá ó bá adìẹ aláìsàn pàdé nínú àgò lánàá. Lùkúlùkú lè wà lára adìẹ fún ọjọ́ méjì títí dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó fojú hàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo ìyẹ́ játijàti ni àìsàn. Adìẹ máa ń pa ìyẹ́ dà. Ọ̀pìpì, asa àti abólọ́rùn, bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá wọn nìyẹn. Ká má fi ìyẹn yọwó kúrò lórí ọjà ìyálóko tó gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ mi gan-an rèé o. Bí ọyẹ́ bá dé, tí adìẹ kan bá ṣubú lágbàlá, ọ̀pọ̀ wa á sáré kó èyí tó kù wá sọ́jà: "Kí n tà á kó tó kú." Mo mọ ohun tó fà á. Owó iléèwé ń bẹ níwájú, owó èésú ń bẹ lẹ́yìn. Àmọ́ iná la gbé sórí òrùlé aládùúgbò yẹn. Oníbàárà tí gbogbo adìẹ rẹ̀ kú kò ní padà wá rà lọ́wọ́ wa. Ẹ rántí ọdún 2006. Nígbà tí àrùn adìẹ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní bird flu, bẹ́ ní Kaduna nínú oṣù kejì, ẹ̀rù ba àwọn èèyàn débi pé ẹni tí adìẹ tirẹ̀ le koko pàápàá kò rí ẹni rà á. Ní 2007, ó pa obìnrin kan l'Ékòó. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan lè ba ọjà gbogbo wa jẹ́.

Ẹlòmíì á ní adìẹ ìbílẹ̀ lágbára, kò nílò oògùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí lùkúlùkú ní Ìbàdàn, láàárín oṣù kejìlá 1952 sí oṣù kejì 1953, adìẹ ìbílẹ̀ ló ń pa jù lágbàlá wa. Ẹ wo oṣù yẹn dáadáa: ìgbà ọyẹ́ náà ni.

Mo wá dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa fẹnu kò sí nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí ẹni tí àrùn bá wọ àgò rẹ̀ má gbé adìẹ kankan wá sọ́jà. Èkejì, bí a bá ra adìẹ, ká má wo ìyẹ́ nìkan. Ká wo ojú rẹ̀ bó bá mọ́, ogbe rẹ̀ bó bá pọ́n, ìdí rẹ̀ bó bá gbẹ, ká fọwọ́ tẹ egungun àyà rẹ̀ bóyá ẹran wà níbẹ̀. Bó bá délé, ká dá a sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀kẹta, kí ọyẹ́ tó dé, ká pe àwọn òṣìṣẹ́ ẹran ọ̀sìn. Ilé ìwádìí NVRI ní Vom ń ṣe àjẹsára kan tí wọ́n ń kán sí adìẹ ìbílẹ̀ lójú, ẹ̀kán kan péré. Ìgò kan ń tó ọ̀pọ̀ adìẹ, a lè dáwó rẹ̀ ládùúgbò bí a ṣe ń dá èésú.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tà lófò o. Àgò wa ò ní ṣófo.