Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ kẹ́ ẹ tó gbà pé kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀

Obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ládùúgbò wa n'Íbàdàn ti fẹ́ẹ́ ta fírísà rẹ̀ torí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì kékeré ló fi ń pín búrẹ́dì láàárọ̀ kùtù, ọkọ̀ ọ̀hún sì dàgbà ju ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì lọ. Mẹkáníìkì ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì, ó rí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ bí ìpara, ló bá ní, "Mọ́mì, omi ti wọ ẹ́ńjìnnì o, àfi ká sọ ọ́ kalẹ̀." Iye tó dá lé e tó èrè oṣù mẹ́ta.

Nígbà tá a fa géèjì yọ, ọ́ìlì tó wà lára rẹ̀ mọ́, kò sí funfun kankan níbẹ̀. Omi rédíétọ̀ kò dín. Èéfín ọkọ̀ kò yí padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bọ́ọ̀sì náà kì í rìn jìnnà, láti ilé búrẹ́dì sí ìkóríta mẹ́ta mẹ́rin ni, wọ́n sì ti yọ tẹmọsitáàtì rẹ̀ dànù tipẹ́. Tẹmọsitáàtì yìí ló máa ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ. Epo tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì máa ń ṣe oruku omi, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìnì kọjá sínú ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa, ooru á lé e jáde. Bí kò bá gbóná tó, abẹ́ ìdérí ló máa dì sí.

Mi ò pe mẹkáníìkì yẹn lólè. Ọwọ́ àwa tá a ní ọkọ̀ ni mo ti rí ẹ̀bi tó pọ̀ jù. Ta ni nínú wa ló máa ń sanwó fún mẹkáníìkì torí pé ó wo ọkọ̀? Bó bá fi wákàtí kan yẹ̀ ẹ́ wò, tó ní kò sí nǹkan tó bàjẹ́, "Ẹ ṣé o" la máa sọ, a ó sì wakọ̀ lọ. Ìgbà tó bá tú nǹkan tó sì pààrọ̀ pààtì nìkan la máa ń kówó jáde. Ẹni tó ní ìyàwó àtọmọ nílé á wá pààtì kan pààrọ̀ ni. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ dá owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ san án yálà ó rí àrùn tàbí kò rí i. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó náírà sì ṣubú, owó tòkunbọ̀ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré. Ọkọ̀ ogbó tó wà nílẹ̀ yìí la ṣì máa lò.

Àmọ́ ẹ má gbà pé ìpara abẹ́ ìdérí ni gbogbo rẹ̀ o. Bí omi bá wọ ọ́ìlì lóòótọ́, géèjì á sọ. Ọ́ìlì ibẹ̀ á dà bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n po Bournvita sí. Omi rédíétọ̀ á máa dín láìsí pé ó ń jò sílẹ̀, èéfín funfun á máa jáde ṣáá kódà lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, nígbà mìíràn ọ́ìlì á léfòó sórí omi rédíétọ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí rédíétọ̀ tó ṣì gbóná, ojú èèyàn kì í ṣe pààtì.) Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sun ibi tó tẹ́jú mọ́jú. Kẹ́ ẹ tó tan án láàárọ̀, kí mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ táńkì ọ́ìlì díẹ̀, kó má tú u tán. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, nítorí náà, bí omi tó dá dúró bá wà níbẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ kán. Ohun tẹ́ ẹ ná síbẹ̀ kò ju owó àyẹ̀wò lọ.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ yẹn dé ìkóríta kejì. Omi kò lè gba irin sílẹ̀ lọ́wọ́ irin bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe. Ohun tó jẹ́ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lónìí á di ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì lọ́la. Ẹni tó kàn pààrọ̀ ọ́ìlì láìwá ibi tí omi ti ń wọlé ti sọ owó rẹ̀ nù.

Ọ̀ràn kan tún wà táwọn dírẹ́bà máa ń dúpẹ́ lé lórí: "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí kì í jẹ ọ́ìlì rárá, ńṣe ló ń lé sí i." Ọ́ìlì kì í bí ọmọ! Bó bá ń lé sí i lórí géèjì, tí omi ò sì sí níbẹ̀, bẹntiróò ni kẹ́ ẹ fura sí. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kabúrétọ̀, pọ́ńpù epo tó wà lára ẹ́ńjìnnì ní awọ rọ́bà kan nínú. Bí rọ́bà yìí bá ya, epo á máa kán sínú ọ́ìlì. Ẹ gbóòórùn géèjì, ẹ fi ìka méjì pa ọ́ìlì náà wò bóyá ó ti ṣàn jù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáná sí i láti dán an wò.

Pé ọ́ìlì dúdú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pàápàá nínú ẹ́ńjìnnì dísù, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìdọ̀tí mọ́ra. Bẹ́ ẹ bá rí ohun tó ń dán yinrinyinrin bí irin lílọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, irin ti ń jẹ irin. Kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó rọ ọ́ìlì tuntun, èmi ò gbà á láyè mọ́ nínú ọkọ̀ tèmi, torí gbogbo rẹ̀ kì í jáde tán. Bẹ́ ẹ bá sì rọ ọ́ìlì tán, ẹ lu kéègì rẹ̀ ní ihò kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù, káwọn tó ń ta ayédèrú má baà rí i rọ nǹkan sí.

Obìnrin oníbúrẹ́dì yẹn ra tẹmọsitáàtì ní Gate, ó pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, ó sì ti ń fi bọ́ọ̀sì náà rìn jìnnà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mẹkáníìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ náà ló bá a fi í sí i. Mo ní kó san owó àyẹ̀wò lé owó iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ́kọ́ yínmú, àmọ́ ó san án.