Ta Ló Ní Kí Ẹ Tẹ Y?

Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà lọ fún àwọn ẹ̀ńjíníà wa pé kí wọ́n bá yín pààrọ̀ pírósẹ́sọ̀, tí nǹkan wá yíwọ́, gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi ń tu èèyàn nínú: "Ẹ má bínú, a máa fọ́máàtì ẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Ó kù díẹ̀ kó gba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ wa.

Àwa mẹ́rin la jọ wà ní ọ́fíìsì kékeré kan n'Íbàdàn. Ohùn àwọn àgbàlagbà la máa ń gbà sílẹ̀, oríkì ìdílé àti ìtàn bí àdúgbò ṣe gba orúkọ, a ó wá jókòó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Méjì nínú àwọn tó bá wa sọ̀rọ̀ ti papòdà. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà (a mọ̀, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa). Nígbà tí ẹ̀rọ náà wá ń rìn bí ìgbín, a ra pírósẹ́sọ̀ tuntun, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà, a sì gbé e lọ fún ẹ̀ńjíníà.

Ọpọlọ tuntun bá ihò rẹ̀ mu. Wọ́n tan iná sí i. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì hóró-hóró jáde lórí síkíríìnì dúdú, ó ní kí a tẹ Y tàbí N. Ọmọkùnrin náà kò kà á. Y ló tẹ̀. Àwa náà dúró tì í, a ò sì kà á tán.

Ohun tí ìbéèrè yẹn ń sọ rèé. Láti ọdún 2021 tí Windows 11 ti jáde ló ti ń béèrè fún TPM 2.0, ibi ìpamọ́ kékeré tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ máa ń wà. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní, pírósẹ́sọ̀ gan-an ló ń gbé e rù, òun ni wọ́n ń pè ní fTPM. BitLocker ló ń ti ilẹ̀kùn dísíìkì, fTPM ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá ti yọ pírósẹ́sọ̀ àtijọ́, ẹ̀rọ rí àlejò, ó sì ń béèrè bóyá kí òun nu àkọsílẹ̀ àtijọ́ kúrò. Ẹni tó bá tẹ N, àkọsílẹ̀ náà ṣì wà. Ó lè dá pírósẹ́sọ̀ àtijọ́ padà kó sì rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lò. Ẹni tó bá tẹ Y ti nù ún nìyẹn. Nọ́ńbà 48 tí BitLocker fi pamọ́ fún ọjọ́ ìṣòro nìkan ló kù tó lè ṣí dísíìkì náà.

Síkíríìnì búlúù ló kàn, ó ń béèrè nọ́ńbà 48. "Mọ́mì, ṣé ẹ ní nọ́ńbà yìí?" Àgbà inú wa ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. "Ó ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀."

Ṣé ẹ mọ ohun tó gbà wá? Ìkánjú ẹ̀rọ ni. Kó tó lè fi fíláàṣì fọ́máàtì, ó ní láti wọ BIOS, ibi tí ètò ìtanná kọ̀ǹpútà wà. Ó tẹ Delete, ó tẹ F2, ó ń lu kíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń lu gángan, ẹ̀rọ ò tilẹ̀ wojú ẹ̀. Fast Boot ló fà á: kí ẹ̀rọ lè yára tàn, kò ní jí kíbọ́ọ̀dù USB títí Windows yóò fi dìde. Ìgbà tó kọ́kọ́ rí ọpọlọ tuntun nìkan ló fara balẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n mú iná lọ, ẹ̀ńjíníà ní ó di ọ̀la. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú wa fi fóònù wọ àkáǹtì Microsoft tí a fi ṣí ẹ̀rọ náà níjọ́sí. Nọ́ńbà 48 wà níbẹ̀ pérépéré. A tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, gbogbo ohùn àwọn àgbàlagbà wa sì dáhùn.

Ká ní bọ́tìnnì Delete ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́?

Wọ́n á ní ẹ̀bi wa ni, pé ó yẹ ká ní ẹ̀dà níbòmíràn. Òótọ́ ni, a sì ti ra dísíìkì mìíràn. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó fẹ́ gé aṣọ yín kúrú á kọ́kọ́ bi yín léèrè. Kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ nu kọ́kọ́rọ́ yín nù kò lè béèrè? Wọ́n tún ní oníbàárà kì í fẹ́ dúró. Irọ́ ni! Wákàtí méjì la fi dúró dè wọ́n lọ́jọ́ náà, a mu páànù omi tán, kò sẹ́ni tó bi wá ní ìbéèrè kan.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè tó lè gba iṣẹ́ ayé èèyàn, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn? A ti ń gbọ́ ọ pé ariwo wa ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, AMD kéde pé mọ́dábọ́ọ̀dù B450 àti X470 kò ní gba àwọn Ryzen tó ń bọ̀. Àwọn tó ti fowó ra mọ́dábọ́ọ̀dù pariwo, kí oṣù náà sì tó parí, ilé iṣẹ́ náà ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ariwo ló ṣe é.

Ní tiwa, ọ̀dọ̀ ẹ̀ńjíníà yẹn la ti bẹ̀rẹ̀. A tẹ ìwé kan ní Yorùbá, a mú un lọ fún un. Ó ní: kí ẹ tó tú ẹ̀rọ oníbàárà, ẹ béèrè nọ́ńbà 48 rẹ̀, ẹ sì dá BitLocker dúró ná. Bí Delete bá kọ̀, tí Windows ṣì ń ṣí, ẹ di Shift mú, kí ẹ tẹ Restart, kí ẹ wá UEFI Firmware Settings. Ẹ má yọ bátìrì CR2032 kí nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́, torí BitLocker tún lè béèrè. Bí ẹ bá rí Y àti N, ẹ pe ẹni tó ni ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwa oníwèé le jù. Ṣùgbọ́n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lókè ibi tó ń jó òjé.