Ẹ̀yin Ọ̀gá Ayàwòrán, Ẹ Máa Sọ Ìdí Òfin

Sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ fọ́tò, ní sítúdíò, ní kíláàsì ọlọ́sẹ̀ kan àti lórí fóònù,



Ohun tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń ti ọwọ́ yín jáde ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n mọ òfin bí ẹní mowó. Má fi èèyàn sí àárín. Má ya fọ́tò lọ́sàn-án gangan. Orí M ni kí kámẹ́rà máa wà. Ra kámẹ́rà ńlá kí o tó pe ara rẹ ní ayàwòrán. Ṣùgbọ́n bí o bá bi wọ́n pé kí ló dé, èsì kan náà ni: "Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi wí." Ẹjọ́ tí mo wá rò níwájú yín nìyí: òfin tí a kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ kì í là á lójú, ẹ̀rù ló máa ń gbìn sí i lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ òfin ìdá mẹ́ta wò, èyí tó ní ká fa ìlà méjì sí òòró àwòrán àti méjì sí ìbú rẹ̀, ká sì fi ẹni tí a ń yà síbi tí ìlà ti pàdé. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn oníkámẹ́rà ló ti wá. John Thomas Smith, ará Ìlú Ọba, ló kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1797, nígbà tí kò tíì sí fọ́tò láyé. Àwòrán ìgbèríko tí wọ́n ń fi ọ̀dà kùn ló ń bá wí: báwo ni ilẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó sí ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ sí òkùnkùn.

Ó wúlò níbẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tí ẹ fi ń sọ fún ọmọ Yorùbá pé àṣìṣe ni kéèyàn jókòó sí àárín fọ́tò? Ẹ wo fọ́tò àwọn àgbà tó wà lára ògiri pálọ̀ wa. Bàbá jókòó gbọin sí àárín, ó kọjú síni, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, agbádá tẹ́ rẹrẹ, ẹsẹ̀ hàn délẹ̀. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà tó wá wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Yorùbá, kọ ọ́ jáde lọ́dún 1978 pé ìlànà gidi ni ìjókòó yẹn, ó sì bá ojú tí a fi ń wo iyì àti ipò mu. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, dípò gbígbẹ́ ère fún ìbejì tó kú, ó rí àwọn ayàwòrán tí wọ́n ń ya ọ̀kan tó kù láyé, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí èkejì rẹ̀ tó ti lọ lè jókòó tì í. Àwọn wọ̀nyí mọ ìdí tí wọ́n fi gbé èèyàn síbi tí wọ́n gbé e sí. J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, náà mọ̀ ọ́n. Ọdún 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin, àárín ló sì máa ń fi irun náà sí. Ẹ̀yìn orí ló ya púpọ̀ nínú wọn, nítorí irun lohun tó fẹ́ ká rí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti lẹ́tà M, níbi tí ayàwòrán ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ díwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ èèyàn. Ṣe ló gbà pé ohun gbogbo tó wà níwájú òun, bí a bá pò ó pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́, tí ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e padà. Ya bàbá tó dúdú nínú agbádá funfun: funfun pọ̀, mítà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú bàbá á ṣú. Ya obìnrin tó dúdú níwájú aṣọ dúdú: mítà á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, obìnrin á wá dà bí ẹni tó bóra. Ọmọ tó wà lórí M, tó ń yí bọ́tìnnì títí àmì mítà fi dúró lórí òdo, kò ṣe ju ohun tí kámẹ́rà ì bá dá ṣe lọ. Èyí tó fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó máa díwọ̀n fúnra rẹ̀, tó sì mọ ìgbà tí òun gbọ́dọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ kún un nítorí agbádá yẹn, mọṣẹ́ jù ú lọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára ju ẹnikẹ́ni lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin òyìnbó ló wà lórí káàdì tí Kodak fi ń ran àwọn tó ń fọ fọ́tò lọ́wọ́ láti díwọ̀n àwọ̀. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Awọ ara òyìnbó ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ pé. Tí a kò bá wá kọ́ ọmọ láti wo ojú ẹni tí ń bẹ níwájú rẹ̀ kó tó wo mítà, ta ni yóò kọ́ ọ? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a kò bá kọ́ wọn, àwọn ọmọ iṣẹ́ á wá máa fi kọ̀ǹpútà bó awọ ara oníbàárà, wọn á ní àwọ́n tún un ṣe.

Òfin ọ̀sán ńkọ́? Òótọ́ wà níbẹ̀: bí oòrùn bá wà lókè orí, òjìji á ṣú sínú ihò ojú. Àmọ́ àwọn ará òkè òkun tí oòrùn wọn máa ń rọra dagun wọ̀ ni ìmọ̀ràn pé ká dúró de ìrọ̀lẹ́ rọ̀ lọ́rùn. Oòrùn tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já lóòró ni, ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sán ni ìkómọjáde, ìgbéyàwó àti ìsìnkú wa. Ẹ kọ́ ọmọ láti gbé èèyàn sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ igi, kó kọjú sí gbangba, kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run lè dé ojú rẹ̀. Seydou Keïta, ayàwòrán ọmọ Mali tó ṣí sítúdíò ní Bamako lọ́dún 1948, inú àgbàlá ló ti ń lo ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, àwọn fọ́tò rẹ̀ sì ti káyé.

Lórí kámẹ́rà olówó ńlá, n kò ní pẹ́. Brownie D tí kò ní fíláàṣì ni Ojeikere fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1950. Ẹ má ti ọmọ tí kò tíì mọ ìmọ́lẹ̀ sínú gbèsè.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ọmọ tuntun nílò ohun tó máa dì mú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fún un ní òfin, ṣùgbọ́n ẹ sọ ibi tó ti wá, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ibi tí kò ti bá a mu. Kí ẹ sì tó fún un ní òmìnira, ẹ ní kó ya adúmáadán nínú aṣọ funfun, apọ́nbéporẹ́ nínú aṣọ dúdú, kó sì ya àwọn méjèèjì pọ̀, lọ́sàn-án, láìlo fíláàṣì. Kó wá ṣàlàyé fún yín ohun tó ṣe àti ìdí tó fi ṣe é. Bí kò bá rí i ṣàlàyé, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, ẹ padà lọ kọ́ ọ.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́.